Wákàtí Mọ́kànlá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Káfíńtà fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Wákàtí mọ́kànlá ni ọkọ̀ òfuurufú náà máa lò kó tó balẹ̀, wọn ò sì tíì rin ìdajì ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó dí i lọ́nà níbi fèrèsé tó wà. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti gbé òrùlé ilé tuntun rẹ̀ fún káfíńtà mìíràn kàn ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn méjèèjì.

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri rí i bó ṣe ń làágùn. "Bàbá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yà fún yín."

"Àwọn wo? Mi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà. "Ọmọ mi, ṣé fèrèsé yẹn ló ń sọ̀rọ̀ ni?"

Nígbà tó yá, apá káfíńtà ò ká a mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá. Mo fẹ́ tọ̀."

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Ọpẹ́ o! Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n mí. Mi ò kàn fẹ́ yà fún ẹ ni!"

Kí káfíńtà tó bọ́ síta, ẹ̀gbọ́n ti sáré wọ ilé ìtọ̀, ó ti tilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe kíá!"

"Àbúrò mi, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ìyàwó ńkọ́?"