Omi Tí Wọ́n Dà Lé Tully Lórí

Inú ń bí Tully gan-an.

Òní, ní Melbourne, ló kọ́kọ́ wọ jẹ́sí ẹgbẹ́ àgbà. Wọ́n sì borí.

Nínú yàrá ìmúra, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fà á sáàárín, wọ́n ń kọrin ẹgbẹ́, wọ́n ń da omi lé e lórí. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ẹ̀, tó sì borí, ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

"Ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín!" Tully já ìgò kan gbà, ó fi lu ògiri. "Ẹ gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ wá ń wẹ̀ mí!"

Orin dákẹ́.

Kóòṣì ń rẹ́rìn-ín. "Àpárá lọmọ yìí ń dá."

Noreen, ìyá Tully, sáré wọlé.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé! Mi ò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lónìí!"

Noreen wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lórúnkún.

"Tully, góòlù mẹ́ta lo gbá wọlé."

"Ẹ̀yin náà, Mọ́mì?"

Noreen yíjú sí kóòṣì, ó nàka sí i lójú.

"Mo rí i nígbà tí wọ́n forúnkún gbá a lórí. Mo rí i tó ń rìn bí ọ̀mùtí. Mo sì rí ìwọ náà, tí ò ń tì í padà sórí pápá."