Ife Tí Ọmọ́títí Kọ̀ Níbi Ìtọ́wò Ọtí Ní Ìbafò

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.

1.
Lọ́dún 2007, ará Mówè tí kò bá mọ Ọmọ́títí, á jẹ́ pé kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Díákónẹ́ẹ̀sì ni. Bó bá ń darí àdúrà àwọn obìnrin, ohùn rẹ̀ á máa dún dé títì márosẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Màmá mi ń ra àgbàdo, ó ń tà á, ní Ìfọ̀."

Àgbàdo náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́, ìyá rẹ̀, ń fi í pọn. Á rẹ ẹ́ sómi títí á fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é nínú ìkòkò ńlá, á sẹ́ ẹ, á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Ọtí yẹn ló rán Ọmọ́títí níwèé. Ọtí yẹn ló ra bàtà àkọ́kọ́ tó wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run.

2.
Ìròyìn wá kàn pé Gbémiga, tó ṣí òtẹ́ẹ̀lì tuntun sí Ìbafò, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìtọ́wò ọtí ìbílẹ̀. Kí gbogbo àwọn tó ń pọn ọtí, láti Ìfọ̀ dé Ọbáfẹ́mi, gbé tiwọn wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù lọ ni á máa pọn ọtí fún òtẹ́ẹ̀lì náà. Inú ìyá dùn débi pé ó jó lórí ìjókòó, torí orúnkún tó ń dùn ún kò jẹ́ kó dìde.

Ọmọ́títí ní, "Màmá, ẹ jókòó sílé. Èmi á bá yín gbé e lọ. Orúnkún yín ò lè gbé yín dé Ìbafò."

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe tìtorí orúnkún. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á rí jẹ níbi iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní rí ìyá ọlọ́tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Ó dáa, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Ṣó o rántí àṣà wa? Ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo èèyàn, káwọn yòókù tó fẹnu kàn án. Ife kan péré. Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màmá, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

3.
Lọ́jọ́ náà, abẹ́ kánópì kún. Bàbá Sàlàkọ́, arúgbó tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń tọ́ ọtí wò, ń fi gbogbo èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Ó tọ́ ti ẹnì kan wò, ó ní, "Ẹni tó pọn èyí, ṣé ó sunkún sí i ni? Omi rẹ̀ pọ̀ jù!"

Nígbà tí wọ́n ṣí ti Ọmọ́títí, òórùn rẹ̀ nìkan mú káwọn èèyàn máa sún àga mọ́ iwájú. Bàbá bu ife kan, ó nà án sí i.

"Gbà, ìyàwó wa. Mu tìẹ, ká lè mu tiwa."

Ọmọ́títí nawọ́. Àfi bó ṣe rí Rosemary, ọ̀kan lára àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, lẹ́yìn èrò. Ọwọ́ náà padà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, bàbá, mi ò kì í mutí."

"Ta ló ní kó o mu àmuyó? Tọ́ ọ wò ni mo wí."

"Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Bàbá sún mọ́ ọn. "O ò mọ̀ kẹ̀? Ta ló pọn ọ́n?"

"Ìyá kan ní Ìfọ̀ ni. Ó kàn ní n bá òun gbé e wá ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bàbá Sàlàkọ́ rọra gbé ife sílẹ̀. Ẹnì kan pariwo pé, "Májèlé ni! Ẹ dà á nù!" Àwọn èèyàn ń dìde.

Ìgbà náà ni obìnrin arúgbó kan jáde láàárín èrò, tó ń tiro bọ̀. Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́ ni. Ara rẹ̀ ò gbà á kó jókòó sílé, ló bá bẹ Mùsáfírù, ọlọ́kadà àdúgbò rẹ̀, pé kó gbé òun wá wo bí wọ́n ṣe máa gbádùn ọtí òun. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣojú rẹ̀.

Ó gbé ife, ó mu ún tán láìmí, ó dojú ife kọlẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo pọn ọ́n. Àgbàdo ló wà níbẹ̀, àti omi, àti iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Bàbá Sàlàkọ́ nawọ́ sí Ọmọ́títí. "Èyí tó gbé e wá ńkọ́, ta ni?"

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, bàbá."

Rosemary sún mọ́ Ọmọ́títí, ó gbé abọ́ lọ́wọ́. "Ha! Díákónẹ́ẹ̀sì, ṣé tìtorí mi lẹ ṣe kọ ife yẹn? Èmi tí mo wá ta ẹran díndín fáwọn ọlọ́tí!" Ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú ìyá, ó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

4.
Ọtí Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́ ló dùn jù lọ́jọ́ yẹn. Pásítọ̀ ò bá Ọmọ́títí wí; Ọmọ́títí fúnra rẹ̀ ni kò lè di máíkì mú mọ́. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu gbàdúrà, omi á bọ́ lójú rẹ̀, á sì padà lọ jókòó.

Ó lọ sí Ìfọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eérú nídìí ìkòkò. "Màmá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá ń ro ọtí lọ. Kò gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ọtí lẹ fẹ́ rà?"

Títí tí ìyá fi kú, bó ṣe ń kí i nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí ò ní kẹ́ ẹ máa mutí o. Ohun tó ń kìlọ̀ fún wa ni pé bí ìwà mímọ́ wa bá ń kọ́ wa láti tijú ọwọ́ tó tọ́ wa dàgbà, kì í ṣe ti Ọlọ́run, ìgbéraga ni. A lè fi ẹnu wa yin Olúwa títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹnu kan náà sì sẹ́ ìyá wa lọ́sàn-án gangan. Pe ìyá rẹ ní ìyá rẹ lójú ẹni tó o fẹ́ fi í pa mọ́ fún. Ṣe é lónìí, nígbà tó ṣì máa dá ọ lóhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ.