Agogo Màmá

Iṣẹ́ ọkùnrin kan ni kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa kọ́ àwọn àgbàlagbà tí àìsàn tàbí ìṣubú ti dá jókòó bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Ní ilé kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, Dókítà Gbẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Màmá onílé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "ẹ gbẹ́sẹ̀, Màmá, ẹ gbẹ́sẹ̀" lọ.

Màmá ti ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ti jinná tipẹ́. Dókítà Gbẹ́sẹ̀ nìkan kọ́ ni ọ́fíìsì ìtọ́jú ń rán sí i. Obìnrin kan ti wá kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ó sì gbé agogo kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé kí Màmá máa lù ú bó bá nílò ìrànlọ́wọ́. Obìnrin mìíràn ń wá gé èékánná rẹ̀, ó sì ń tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ń sa ipá wọn, àmọ́ Màmá kò rìn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá a gbé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Agogo náà kò sì fún un nísinmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màmá á ti lù ú pé kó wá ṣí fèrèsé. Kò ní pẹ́, á tún lù ú pé kó wá pa á dé. Ó ń béèrè omi tí kì í mu. Bí oúnjẹ bá dé, kò ní fọwọ́ kàn án àfi bí ọmọ rẹ̀ bá jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́.

"Irun mi yìí ò dáa, tún un dì," Màmá á wí. "Gbé dígí wá, kí o di tìẹ náà. Mi ò fẹ́ rí onírun játijàti nínú yàrá mi."

Àánú ọmọbìnrin náà ṣe Dókítà Gbẹ́sẹ̀ títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Àǹtí mí díẹ̀ ná. Ẹ ti sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀."

"Orúnkún mi ni wọ́n ní kí o wá wò," Màmá dá a lóhùn. "Gbájú mọ́ ọn."

Àwòrán ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé wà lára ògiri. Lọ́jọ́ tí Dókítà béèrè ẹni tó jẹ́, Màmá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ-ọmọ mi ni. Ó ti fi wá sílẹ̀. A kì í dárúkọ ẹ̀ létí ìyá ẹ̀."

Dókítà kí i kú ìrọ́jú, ó sì tún gbá orúnkún mú.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ọ́fíìsì pè é. Bí ìyá yẹn kò bá rìn láìpẹ́, wọn ò ní fi í sílé mọ́. Ilé àwọn arúgbó ni wọ́n máa gbé e lọ. Ọkàn Dókítà Gbẹ́sẹ̀ bà jẹ́, torí pé ó fẹ́ràn Màmá pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀.

Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò rìn? Ṣe ni awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá yẹn ń nípọn sí i. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ni mò ń fọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Gbẹ́sẹ̀ yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Ó bá Màmá ní yàrá ọmọ rẹ̀, ó dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Ó ń fọwọ́ pa ìrọ̀rí ọmọ náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó tutù.

"Màmá!"

Ó yíjú padà. "Mo rán an lọ ra oògùn ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má sọ fún un."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá rìn, a ò ní wá mọ́, àbí? Ẹ kàn fẹ́ ká máa kẹ́ yín ni."

Màmá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n géètì dún. Ó pa ẹnu dé, ó sì yára padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Dókítà lọ pàdé ọmọbìnrin náà ní géètì. Kò lè pa ayọ̀ náà mọ́ra.

"Àǹtí, ẹ kú oríire! Ìyá yín ń rìn. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Kò sẹ́ni tó máa gbé wọn lọ síbì kankan mọ́."

Obìnrin náà dúró, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n lè dá gbogbo nǹkan ṣe?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lè sinmi báyìí."

"Mo lè sinmi," ó tún un sọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń súfèé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó tún padà wá, pé kó dágbére, Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ṣáájú rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kò fọwọ́ ti ògiri. Dókítà ń tẹ̀ lé e, ó ń yìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Abọ́ oúnjẹ méjì wà lórí tábìlì, wọ́n ti tutù. Agogo kékeré náà wà lọ́wọ́ Màmá.

"Ẹ ò tíì ju agogo yìí nù, Màmá?"

 Màmá ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ ṣí. Obìnrin náà dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ ti tú, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ géètì ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Láti ìgbà tá a ti sin ọmọ ẹ̀, agogo yìí nìkan ló ń gbé e dìde láràárọ̀," Màmá ní, ó lù ú, ó tún un lù, "ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti ní kó sinmi, kò dá a lóhùn mọ́."