Ó Ti Sùn

Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ atẹ-irin, ẹni tó wà nídìí súìtì á kígbe pé, "Ó ti sùn!" Ìgbà yẹn ni ẹnì kejì tó lè ki orí bọ ẹnu ẹ̀rọ láti tún un ṣe.

Iṣẹ́ Ìyá Ìkókó ni láti yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìsinmi ìbímọ ló wà, ìkókó rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó fojú kan oorun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti pa àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí súìtì lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ sùn, tó wá dá jí, ọkọ rẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé tú nìyẹn.

"Jọ̀ọ́, jẹ̀bi," ló ń bẹ ẹ̀rọ nínú ara rẹ̀.

Ó tàn án, ó pa á, ó tún tàn án. Ó tú búrékì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo wáyà, ó fi etí lé irin. Ẹ̀rọ burúkú náà ò ṣe àṣìṣe kankan! Tó bá ti pa á, ó pa nìyẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́, Ìyá Ìkókó," ni fọ́mànù sọ. "Ara ẹ̀rọ yìí le ju tèmi àti tìẹ lọ."

"Ẹ̀yin náà sáà gbọ́ tó ní, 'Ó ti sùn.'"

"Kedere. Àbúrò ẹ dáhùn pé, 'Ó dáa, bùrọ̀dá!' ló bá wọlé. Ẹ̀rọ ò sì tíì sùn."

"Kí ló dé tó fi pa irọ́ fún àna rẹ̀?"

"Mo bi í títí. Ẹ̀bi òun ni, ohun tó ń sọ náà nìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kígbe yẹn."

Ìyá Ìkókó nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ náà, kò lábùkù. Ní ti ọkùnrin yẹn, òun àti ẹ̀ ò ní gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́ láéláé.

"Gba fóònù ọkọ ẹ," ni fọ́mànù sọ. "Etí ẹ̀ ló wà nígbà tó kígbe, ibẹ̀ ló ti já bọ́ tó fi fọ́."

Ó gbà á, ó sì rántí: láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ìkókó wọn tí ibà ń ṣe ti sunkún mọ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọkọ rẹ̀ láti fún un ní ìròyìn ayọ̀, ó sì gbọ́ tó fi ẹ̀rín kígbe tún un wí, kí ìpè tó já, pé, "Ó ti sùn!"