Òṣùpá Tó Ní Kí Pa Àlàbá Jọ̀wọ́ Àga

Ó ti pẹ́ tí Pa Àlàbá ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Lomé, débi pé àwọn ọmọdé rò pé Alága ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ìjókòó kejì ni Stephen máa ń jókòó sí nípàdé. Ẹ̀yìn ọrùn Pa ló ń wò láti ìgbà tí irun ibẹ̀ ṣì dúdú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, gbogbo ìlú ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àfi kí ìjọba yí padà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, báńkì wà ní títì, àwọn ọkùnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń jiyàn. Ohun tó wà lẹ́nu oníkálukú ni pé ẹni tó bá ti pẹ́ lórí oyè, kó sọ̀kalẹ̀. Stephen náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá rò ó pé kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ fo ẹgbẹ́ tiwọn dá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó tọ Pa lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní sinmi báyìí?"

"Sinmi kẹ̀? Orí àga yìí ni wọ́n ti máa wá gbé òkú mi."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe conférence tiwa náà, ká pe àpérò lórí ìyípadà," ni David tó ń ta táyà wí. "Bí ìlú ṣe ṣe tiwọn lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ ṣe é," ni Pa dáhùn. "Èmi ni màá ṣe alága rẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Stephen. Òfin ẹgbẹ́ ni pé wọn kì í yọ alága, alága náà kì í sì í ju ipò sílẹ̀. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́, tó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ẹfúnróyè, ìyàwó Pa, wá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ Oyin, ìyàwó Stephen. Ohùn jẹ́jẹ́ ni Màmá fi ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Stephen gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá.

"Oyin ọmọ mi, ọkọ mi ò gbọ́ ti pásítọ̀, kò gbọ́ tèmi. Awòràwọ̀ kan tó wà ní Attiégou, Madame Véronique, tiẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bó bá ní kó má wẹ̀, kò ní wẹ̀."

Oòrùn ò tíì rọlẹ̀ tí Stephen fi dé Attiégou. Obìnrin ará Atakpamé ni Madame Véronique, ó wọ awò ojú. Ìràwọ̀ méjìlá wà lára ògiri rẹ̀, àwòrán Màríà wà láàárín wọn.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún Pa Àlàbá pé ìràwọ̀ rẹ̀ ní kó fi ipò sílẹ̀," ni Stephen wí.

"Ta ló máa gbà á?"

"Bí wọ́n bá gbé e fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́."

"Òṣùpá ò mọ 'bí wọ́n bá'. Ṣé ẹ máa gbà á ni, àbí ẹ ò ní gbà á?"

"Màá gbà á."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́rú, òṣùpá máa kún nílé ìràwọ̀ Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Ti Pa ni kí wọ́n jọ̀wọ́ ohun tó wúwo. Tiyín ni kẹ́ ẹ fara mọ́ ohun tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Kí èrò sì pọ̀ níbẹ̀."

Stephen tọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ dá owó yín padà sápò," ni obìnrin náà wí. "Mi kì í gbowó lórí irú èyí."

Nígbà tí Stephen délé ròyìn, Oyin ò yọ̀ tó bí ọkọ rẹ̀ ṣe rò. "Bàbá Ṣọlá, ipò tẹ́nikẹ́ni ò bá yín dù, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè ìdí ẹ̀?"

"Wọn ò lójú ni."

Lọ́jọ́rú, òṣùpá yọ lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ó rí rìbìtì bí ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ bò. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé kún. Pa Àlàbá dìde, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Òṣùpá ní kí n jọ̀wọ́," ló wí. "Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo gbà. Ta ló máa gba òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Kó tó béèrè tán, Stephen ti dé iwájú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Mo gbà á."

"Sọ ọ́ kétí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́," ni Pa wí.

"Mo gbà á," ni Stephen pariwo.

Màmá Ẹfúnróyè fi etí aṣọ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà dé. Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilé Stephen ni wọ́n gbà lọ tààrà.

"Ta ni alága àwọn alápáàtì?"

"Èmi ni," ni Stephen dáhùn, ó ń de bọ́tìnnì ọrùn.

"Kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín ṣí lọ́la. Èyí tó bá wà ní títì, ìwọ la máa wá mú."

Nígbà tó jáde sí oríta, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Félicitations, Président, ẹ kú oríire. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá fi lè ṣí pẹ́nrẹ́n, ilé yín la máa kọ́kọ́ dáná sun."

Stephen ò padà sílé. Attiégou ló gbà lọ, kó lè bi Madame Véronique ìgbà tí òṣùpá mìíràn máa kún. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Norbert tó ń lọ aṣọ ní ojúlé kejì gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró.

"Ẹ ò bá a mọ́, òun àti bàbá rẹ̀ ti gba Cotonou lọ láfẹ̀mọ́júmọ́," ni Norbert wí, "àgbàlagbà alápáàtì yẹn, Pa Àlàbá, tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wá jókòó síbí, tó ń na ọrùn wo títì, tó ń bi ọmọ tó bí sí Atakpamé yìí pé ṣé ẹni tó máa gba àga lọ́wọ́ òun ò tíì dé."