Òdo Orí Tábìlì

Ó ti rẹ atúnrédíòṣe. Oorun rẹ̀ kò tó mọ́, oúnjẹ kò sì wù ú. Awọ ìka rẹ̀ ń bó. Ó ní iná tí òun fi ń jó wáyà ló fà á.

Nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣe ń kan ẹ̀rọ kan. Yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán eegun nílé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lóyún. Ẹ̀rù ìtànṣán ẹ̀rọ ibẹ̀, tí ojú kì í rí, tí ó sì máa ń ba ara jẹ́, ń bà á, kò mọ̀ bóyá kí òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán gbówó lórí lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi àlòkù rédíò kan tirẹ̀, ó sì gbé bí wọ́n ṣe ń kàn án sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí tálákà mìíràn lè rí i lò.

Bí ó bá kàn án tán, á gbé e sórí tábìlì inú yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin dídán wúwo tí ó rà lọ́wọ́ alálòkù irin, èyí tí ó fi ń tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ bá kà níbẹ̀ ni yóò fi ṣe òdo. Ta ló ń bá ìtànṣán gbélé? Ohun tó bá ju òdo lọ níta ni ewu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yín tún ti ya wèrè o. Níbi iṣẹ́ wa, ìsàlẹ̀ òdo ló ń lọ." Àbúrò rẹ̀ ló gbé e padà wá bá a nínú yàrá náà.

Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó gbé e sórí tábìlì. Òdo ni. "Wò ó, kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí kò bá ti sí nǹkan, kí ló tún fẹ́ dín níbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo kàn án ni? Ẹ sùn ná, ẹ jọ̀ọ́. Ojú yín ti jìn, irun yín ń re."

"Ọjọ́ orí ni. Ó yá, màá gbé e lọ fúnra mi. Ìwọ jókòó dè mí níbí. Ìtànṣán kò lè bá ọ níbí."

Nílé ìwòsàn, ìsàlẹ̀ òdo ni. Ní ojú títì, ìsàlẹ̀ òdo náà ni. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó pinnu pé òun á tú ẹ̀rọ burúkú náà palẹ̀ bí òun bá délé.

Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni iye náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì ń gòkè bí ó ti ń súnmọ́ tábìlì, kò sì dé òdo àfi nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ irin dídán náà, níbi tí àbúrò rẹ̀ gbórí lé, tí ó ti sùn lọ.