Àbàwọ́n Orúkọ Mongi

Kí agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù ni Lazhar ti dé iwájú ilé Mongi. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mongi jáde tòun ti fáìlì lábẹ́ apá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó síbi tó ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá.

"Ọ̀gá, ibo la ń gbé yín lọ lónìí?" Lazhar ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Máa wakọ̀ lọ jàre, dírẹ́bà. Ilé ẹjọ́ ìlú Béja, má sì sáré."

Mongi ti búra pé òun ò ní wakọ̀, òun ò sì ní jókòó síwájú ọkọ̀, títí orúkọ òun yóò fi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Lazhar mu bíà níbi ìgbéyàwó ìbátan kan ní abúlé, Mongi sì mu kọjá ààlà. Ó rántí pé òun gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òun sórí tábìlì. Ohun tó tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni àjà ilé ìwòsàn. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ti ya á lára, ó ti kán an léegun èjìká ọ̀tún, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì náà ni kò jẹ́ kó kú. Salem, àgbẹ̀ tó ń gbé koríko àgùntàn bọ̀ lórí alùpùpù tí ọkọ̀ náà kọlù, kò rí ohun tí yóò gbà á, ó kú. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀ bá Mongi nídìí ọkọ̀, lórí ìjókòó awakọ̀, kò mọ ibi tó wà. Lazhar jókòó sẹ́bàá títì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Mongi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó sọ fún adájọ́ pé òun ò rántí nǹkan kan, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá nídìí ọkọ̀ náà ló wà á. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ẹ̀wọ̀n ní òpin. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Nọ́ńbà Mẹ́ta ni kò ní. Ojú ewé kan péré ni. Ìjọba á kọ ẹjọ́ tí ènìyàn bá jẹ̀bi rẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì síbi tí wọn kì í ti í béèrè rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí Mongi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì béèrè rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Bàbá Saïda, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, náà béèrè rẹ̀.

"Ọmọ mi, orúkọ rere sàn ju wúrà lọ," ni bàbá náà wí. "Lọ gbé tìẹ wá kí n wò ó."

Mongi lọ, kò padà. Ọjà ẹ̀fọ́ ló ti wá rí iṣẹ́, ó ń fi èjìká òsì ru àpótí tòmátì, torí ọ̀tún ò lè gbé nǹkan kan mọ́. Saïda ti bímọ mẹ́ta fún ẹlòmíì. Ó ń dun Mongi dọ́kàn, kì í sì í sọ ọ́.

Lazhar nìkan ni kò yẹsẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Mongi fi wà lẹ́wọ̀n ló gbé agbọ̀n oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyá Mongi alára a máa pa ọjọ́ jẹ. Lazhar ló kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fọ orúkọ Mongi mọ́, nígbà tí wọ́n sì dá a padà, ó tún òmíràn kọ. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ nìyẹn. Nǹkan méjì péré ni kì í bá Mongi ṣe. Kì í bá a lọ sí ilé ìwẹ̀ olóoru mọ́, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń bọ́ra dé ìbàdí. Ó ní ooru ń dí òun láyà. Bí Mongi bá sì gbé òróró àti ṣúgà lọ fún Màmá Mbarka, opó Salem, lọ́jọ́ ọdún, inú ọkọ̀ ni Lazhar ń dúró sí.

"Wọlé wá kí màmá, jọ̀ọ́," ni Mongi máa ń wí. "Èmi tí mo ṣe é gan-an, wọ́n ń fún mi ní kọfí."

"Ìwọ lọ. Ojú wọn ni mi ò lè wò."

Ní báyìí, Lazhar ti di ọ̀gá àgbà ilé ìwé, ilé ìwé náà sì ń wá nọ́ọ̀sì. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ Mongi. Nọ́ńbà Mẹ́ta tí kò ní ẹjọ́ nínú ló kù, wọn ò sì ní gbà á mọ́ bí agogo méjìlá ọ̀sán òní bá ti lù.

Wọ́n jókòó pẹ́ ní ilé ẹjọ́ kí obìnrin akọ̀wé tó yọjú.

"Mongi ọmọ Taïeb!"

Mongi dìde. Akọ̀wé na ìwé náà sí i. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló wà: Kò sí.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Lazhar dojú kọ ògiri, ó ń sunkún ju tirẹ̀ lọ, títí akọ̀wé fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni wọ́n dárí jì gan-an?"

Níta, Mongi kọjá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí ti iwájú.

"Ṣé o ti gbàgbé àyè ẹ ni?" Lazhar ní. "Lọ jókòó sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti mọ́ ẹ lára."

"Orúkọ mi ti mọ́, ìbúra ti tán. Gbéra, ó ti lé ní agogo mọ́kànlá."

Lazhar wọlé, ó so bẹ́líìtì tirẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, àmọ́ kò yí i.

Mongi jókòó tì í, ó fa bẹ́líìtì wá láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó so ó, bẹ́líìtì náà sì tẹ́ lé àpá tí bẹ́líìtì ọjọ́ jàǹbá fi sí èjìká ọ̀tún rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yà síbì kan. Ó yíjú wo Lazhar, ó sì rí i pé èjìká òsì ni bẹ́líìtì ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ń gbà kọjá.